Ọjà oṣù, ọjà ọ̀sẹ̀, ọjà ọbẹ̀: bí a ṣe ń ra oúnjẹ ilé ní Òṣogbo láìfi owó àti àkókò ṣòfò

Owó oúnjẹ kì í tán lójú kan. Díẹ̀díẹ̀ ló máa ń jò. Mọ́ńdè, ata tán. Túsìdeè, epo ò tó ọbẹ̀. Wẹ́sìdeè, wọ́n rán ọmọ sí ìsọ̀ tó wà létí títì pé kó lọ ra ìrẹsì agolo mẹ́rin àti Indomie méjì. Kí oṣù tó pé ìdajì, ẹni tó ń gbọ́ bùkátà ilé á ti máa bi ara rẹ̀ pé ibo lowó gbà lọ. Ọdún bíi mẹ́ta ni mo fi gbé irú ayé bẹ́ẹ̀ nílùú Òṣogbo yìí, èmi, bàbá àwọn ọmọ, ọmọ mẹ́ta àti ìyá ọkọ mi. Ó máa ń dùn mí dọ́kàn, torí a kì í jẹun ṣòfò, a kì í sì í ṣe fàájì. Ìgbà tí mo jókòó ti ọ̀rọ̀ náà ni mo rí i pé ọjà wọ́n lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń rà á náà ń jẹ owó: mò ń rà á lemọ́lemọ́, ní kékeré, láìmúra sílẹ̀.

Bí mo ṣe tún un ṣe ni mo fẹ́ tò sílẹ̀ yìí. Ìgbọ̀nà àti Ọjà Ọba ni mo máa ń ná jù, nítorí náà àpẹẹrẹ ibẹ̀ ló máa pọ̀ lẹ́nu mi. Ẹni tó sún mọ́ Akíndékò tàbí Olúọdẹ lè fi ọjà tirẹ̀ rọ́pò.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tí ilé yín ń jẹ

Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ẹ má tíì lọ sọ́jà. Ẹ wá ìwé ọmọ iléèwé kan tí wọn ò lò tán, ẹ fi okùn so bírò mọ́ ọn, kẹ́ ẹ sì gbé e kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn kíṣínì. Fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko, ohun tí ẹ bá sè, ẹ kọ ọ́: oúnjẹ náà, iye agolo tàbí kóńgò tó bá a lọ, ẹni mélòó ló jẹ ẹ́, ṣé ó ṣẹ́kù. Ohun tí ẹ bá rán ọmọ lọ rà, ẹ kọ òun náà àti iye rẹ̀, kó bá à jẹ́ ṣúgà náírà ọgọ́rùn-ún méjì. Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà.

Nínú ìwé tèmi, mo rí i pé ìrẹsì agolo mílíìkì mẹ́rin la máa ń sè lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta láàárín ọ̀sẹ̀. Ẹ̀wà, ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì. Àmàlà, alẹ́ mẹ́ta, torí ìyá ọkọ mi kì í sùn láìjẹ òkèlè. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni gàrí. Èmi rò pé ẹ̀bà nìkan la fi ń ṣe, mi ò mọ̀ pé àwọn ọmọ máa ń mu ún tí wọ́n bá ti iléèwé dé, tòun ti ẹ̀pà. Gàrí tí mo rò pé ó máa tó oṣù kan kì í kọjá ọjọ́ méjìdínlógún. Mo sì ti ń fẹ̀sùn kan ọmọ tó ń bá wa gbé pé ó ń fi ṣòfò.

Ohun kejì tí ìwé náà fi hàn mí ni pé ẹran àti ẹja kọ́ ló ń gba owó mi jù. Àwọn nǹkan tí à ń rà lẹ́bàá ilé ni: búrẹ́dì àárọ̀, Indomie, mílíìkì inú ọ̀rá kékeré, epo tí wọ́n bù sínú ọ̀rá. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kò jọ ẹni lójú. Nígbà tí mo ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, ó ju owó ẹja ọ̀sẹ̀ méjèèjì lọ.

Ẹ má fọwọ́ yẹpẹrẹ mú ìwé yìí. Tí ẹ bá gbàgbé kọ ti ọjọ́ kan, ẹ bi àwọn ará ilé lọ́jọ́ kejì, kẹ́ ẹ kọ ọ́.

Ẹ pín ọjà sọ́nà mẹ́ta

Bí nǹkan ṣe ń pẹ́ sí nílé ni kí ẹ fi pín in.

Ọjà oṣù ni èyí tí kì í tètè bàjẹ́: ìrẹsì, ẹ̀wà, gàrí, èlùbọ́, epo pupa, òróró, iyọ̀, màgí, ṣúgà, ọṣẹ, ẹja gbígbẹ, ẹ̀gúsí tí a kò tíì lọ̀. Ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ló yẹ kí ẹ sanwó fún ìwọ̀nyí. Ọjà ọ̀sẹ̀ ni ata, tòmátì, àlùbọ́sà, iṣu, ọ̀gẹ̀dẹ̀, ẹyin, ẹran àti ẹja tútù. Ọjà ọbẹ̀ ni ohun tí ẹ gbọ́dọ̀ rà lọ́jọ́ tí ẹ máa sè é, tàbí kó ku ọ̀la: ẹ̀fọ́ ṣọkọ̀, tẹ̀tẹ̀, ewédú, ilá. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé kí ẹ ra ẹ̀fọ́ ọ̀sẹ̀ kan sílẹ̀. Ó máa pọ́n, ó máa rà, owó á sì wọgbó. Ìyá elẹ́fọ̀ọ́ tó ń kiri àdúgbò lẹ́nu ìrọ̀lẹ́ tó fún ìyẹn, ẹ ò nílò láti wọ kẹ̀kẹ́ torí ewédú.

Ẹ wo ohun tí pípín yìí ń ṣe sí owó ọkọ̀ nìkan. Ká sọ pé àlọ àti àbọ̀ kẹ̀kẹ́ Márúwá láti ilé yín sọ́jà jẹ́ ₦600. Ẹni tó ń lọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀ á ná ₦1,800, ìyẹn ₦7,200 láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Ẹni tó ń lọ lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ á ná ₦2,400. ₦4,800 ti wà nílẹ̀ kí a tó ra ohunkóhun. Wákàtí méjì-méjì tí ẹ ò lò nínú oòrùn ńkọ́? Mi ò tíì ka ìyẹn mọ́ ọn.

Ẹ mọ kóńgò yín

Ẹ ní kóńgò tiyín nílé. Ẹ ra èyí tó péye, tí ìdí rẹ̀ kò wọnú, kẹ́ ẹ sì fi agolo mílíìkì wọ̀n ọ́n. Tèmi ń gba agolo ìrẹsì mẹ́jọ àti díẹ̀ lórí. Ìrẹsì tó kún kóńgò gidi sì máa ń sún mọ́ kílò kan àtààbọ̀. Tí ẹ bá ti mọ méjì yìí, ìṣirò dé ọwọ́ yín.

Ìrẹsì ilé wa: agolo mẹ́rin lẹ́ẹ̀mẹ́ta jẹ́ agolo méjìlá lọ́sẹ̀, ìyẹn kóńgò kan àtààbọ̀. Lóṣù, kóńgò mẹ́fà tàbí méje. Àpò ìrẹsì kílò 50 ń lọ bíi kóńgò mẹ́tàlélọ́gbọ̀n. Ó túmọ̀ sí pé odindi àpò kan máa tó wa fún nǹkan bí oṣù márùn-ún. Kí n tó ṣe ìṣirò yìí, mo máa ń yáwó láti ra odindi àpò ní Disẹ́ńbà torí gbogbo èèyàn ń rà á. Owó oṣù márùn-ún ni mo ń dè mọ́lẹ̀ sínú àpò kan, tí màá wá máa ra ata láwìn ní Jánúárì.

Ní ọjà, ẹ máa wo kóńgò tí wọ́n fẹ́ fi wọ̀n fún yín. Àwọn kan máa ń lu ìdí rẹ̀ wọnú. Ẹ má pariwo, ẹ má bú ẹnikẹ́ni. Ẹ kàn sọ pé, "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n rí ìdí kóńgò," kẹ́ ẹ ti ọwọ́ bọ inú rẹ̀. Tó bá wọnú, ẹ dúpẹ́, kẹ́ ẹ kọjá sí ìsọ̀ tó kàn. Ẹni tó bá ń wọ̀n fún yín dáadáa, tó ń jẹ́ kó ga lórí kó tó dà á sínú ọ̀rá, ẹ dì í mú gẹ́gẹ́ bí oníbàárà yín títí láé.

Agolo ni ilé ti ń pàdánù jù. Ẹni tó ń ra ìrẹsì ní agolo-agolo lẹ́bàá ilé ń san èrè aláròóbọ̀ mọ́ ọn lójoojúmọ́. Ẹ bi wọ́n ní iye agolo kan, ẹ fi mẹ́jọ sọ ọ́ di púpọ̀, kẹ́ ẹ fi wé iye kóńgò kan ní Ìgbọ̀nà. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀kan péré, ẹ ò tún ní í rán ọmọ níṣẹ́ agolo mọ́.

Ẹ yan ọjọ́, ẹ yan wákàtí

Sátidé làwọn òṣìṣẹ́ ń jáde. Tó bá jẹ́ Sátidé nìkan lẹ ráyè, ẹ dé ọjà ní aago méje àárọ̀, kí èrò tó kún. Ẹ má ra ọjà oṣù lọ́sẹ̀ tí owó oṣù bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, ọ̀sẹ̀ kejì rẹ̀ ni kí ẹ rà á, tí ilé bá lè mú un mọ́ra. Ọwọ́ àwọn ọlọ́jà máa ń le ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ yẹn, torí wọ́n mọ̀ pé owó ń bẹ nílùú.

Fúráídè ọ̀sán, ẹ má lọ sí Ọjà Ọba bí kò bá ní ìdí. Mọ́sáláṣí gbogbogbòò wà níbẹ̀, Jímọ̀ á kún, ọkọ̀ ò ní í rìn. Lóṣù Ògọ́ọ̀sì, nígbà ọdún Ọ̀ṣun, àlejò máa ń pọ̀ nílùú láti ìdálẹ̀ àti òkè òkun, agbègbè ààfin sì máa ń há. Mo máa ń parí ọjà oṣù mi ṣáájú ọ̀sẹ̀ ọdún náà.

Àárọ̀ kùtù dára fún ẹran, ẹja àti ẹ̀fọ́. Ìrọ̀lẹ́ ló dára fún tòmátì àti ata, tí ẹ bá máa sè é lálẹ́ ọjọ́ náà, nítorí ìyá aláta kò fẹ́ kí tòmátì tó ti rọ̀ sùn mọ́ òun lọ́wọ́. Abọ́ tó pè ní iye báyìí láàárọ̀ á ti wálẹ̀ ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́. Ẹ ṣáà ṣà á dáadáa.

Ọ̀rọ̀ ọjà oko tún wà. Àwọn ìlú tó yí wa ká ṣì ń ná ọjà ọrún-ún-ọrún. Ẹ mọ̀ pé baba wa ń ka ọjọ́ tí wọ́n ná an mọ́ ọn, nítorí náà ọjọ́ mẹ́ta ló wà láàárín ọjà kan àti èkejì. Ìyẹn ló fà á tí ọjà ọ̀hún kì í fi í dúró sójú kan nínú ọ̀sẹ̀: lónìí Mọ́ńdè, ìgbà tó ń bọ̀ Fúráídè. Ẹ fi bírò sàmì sórí kàlẹ́ńdà, ẹ ó rí i pé ọjà ọrún kọ̀ọ̀kan máa ń bọ́ sí Sátidé lẹ́ẹ̀kan ní gbogbo ọjọ́ méjìdínlọ́gbọ̀n. Ọjọ́ yẹn dùn mọ́ òṣìṣẹ́, torí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá oṣù ṣe déédéé. Iṣu, gàrí, èlùbọ́ àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni mo máa ń lọ rà níbẹ̀ lọ́wọ́ àgbẹ̀ fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ṣírò owó ọkọ̀ àti ẹrù. Tó bá jẹ́ iṣu mẹ́ta lẹ fẹ́ rà, ẹ jókòó sí Òṣogbo.

Nínú ọjà

Ẹ kọ ohun tí ẹ fẹ́ rà sínú bébà pélébé, kẹ́ ẹ kọ iye tí ẹ rà á nígbà tó kọjá sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ jẹun kẹ́ ẹ tó jáde. Ẹ mú àpò tó le dání, ẹ mú ike tó ní ìdérí fún ẹja, ẹ sì mú owó tó ti ṣẹ́ wẹ́wẹ́. Tiránsífà ti dé gbogbo ìsọ̀ báyìí, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá kọṣẹ́, ẹ ó dúró lójú kan títí, ẹ ó sì tún sanwó fún oní-POS.

Ẹ yí ọjà po lẹ́ẹ̀kan kí ẹ tó na ọwọ́ sí àpò. Ẹ béèrè iye lọ́wọ́ ẹni mẹ́ta. Lẹ́yìn náà, ẹ ra ohun líle àti ohun tó wúwo ṣáájú: ìrẹsì, ẹ̀wà, gàrí. Ẹ fi í síkàáwọ́ oníbàárà yín, kẹ́ ẹ lọ sọ́dọ̀ àwọn aláta. Tòmátì gbọ́dọ̀ wà lókè ẹrù. Ẹja tútù ló máa kẹ́yìn pátápátá, nígbà tí ẹ ti ń múra ilé, nítorí oòrùn kò gbọdọ̀ bá a. Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ pe alábàárù kan, kẹ́ ẹ bá a ná an kó tó gbé ẹrù sórí.

Ní ti nínájà, ohùn pẹ̀lẹ́ ló ń ṣiṣẹ́. Bí èmi àti ìyá aláta mi ṣe sọ ọ́ ní Sátidé tó kọjá nìyí:

"Ẹ kú ọjà o, Ìyá. Ajé á wọgbá o."

"Àṣẹ o, ìyàwó mi. Wo tòmátì, kò fọ́ rárá. Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta àbọ̀ ni abọ́ yẹn."

"Ìyá, ẹ jẹ́ n san ẹgbẹ̀rún méjì àbọ̀. Abọ́ méjì ni mo fẹ́. Tàtàṣé àti rodo náà, ọwọ́ yín ni màá ti rà á."

"Kò gbà bẹ́ẹ̀ o, ọmọ mi. Ọjà ò rí bẹ́ẹ̀ láti ibi tí a ti kó o. Mú un ní ẹgbẹ̀rún mẹ́ta."

"Ó dáa, mo gbà. Ẹ jẹ́ n da abọ́ náà sínú àpò fúnra mi, kẹ́ ẹ sì fi ènì sí i."

Kí n da abọ́ náà fúnra mi yẹn ṣe pàtàkì ju ẹẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà tí wọ́n yọ lórí abọ́ kọ̀ọ̀kan. Tòmátì tó dán ló máa ń wà lókè abọ́. Bí mo ṣe ń dà á ni mò ń rí ti ìsàlẹ̀: mo bá méjì tó ti ń ṣomi, mo gbé e fún wọn, wọ́n pààrọ̀ rẹ̀. Ènì wọn jẹ́ rodo ẹ̀kúnwọ́ kan àti tòmátì mẹ́ta. Rodo ẹ̀kúnwọ́ yẹn tó láti fi se ọbẹ̀ ẹ̀fọ́. Ẹ máa béèrè ènì, ẹ̀tọ́ ni, kò sí ìtìjú níbẹ̀. Ẹ kàn má béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tí ẹ ti ná ọjà rẹ̀ títí tí kò fi jèrè.

Ẹ má ra oúnjẹ láwìn. Ẹni tó ń rà láwìn kò lẹ́nu láti ná ọjà, kò sì lè yà kúrò nídìí ìsọ̀ tí kóńgò rẹ̀ wọnú.

Iṣẹ́ ọjọ́ ọjà kò parí tí a bá délé

Wákàtí méjì tó tẹ̀ lé ìpadàbọ̀ ni owó ọjà ti ń bàjẹ́ tàbí ti ń dúró. Ẹ má sọ àpò sílẹ̀ kẹ́ ẹ lọ sùn.

Ata àti tòmátì lẹ ó kọ́kọ́ dojú kọ. Ẹ ṣà á, ẹ yọ ìdí rẹ̀, ẹ fọ̀ ọ́ pẹ̀lú iyọ̀ díẹ̀, kẹ́ ẹ gbé e lọ sí ilé ìlọta. Tí ó bá ti dé, ẹ dà á sínú ìkòkò láìfi epo sí i, ẹ gbé e kaná kó máa hó. Ní àkọ́kọ́ á máa tú pẹ̀ẹ́pẹ̀ẹ́, omi rẹ̀ á máa léfòó lójú rẹ̀. Ẹ fi í sílẹ̀. Nígbà tí ohùn rẹ̀ bá yí padà, tó wá ń fọ́n sí ara ìkòkò, tí ṣíbí fi ojú ọ̀nà sílẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ fà á kọjá, omi ti gbẹ nìyẹn. Ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ẹ jẹ́ kó tutù pátápátá, kẹ́ ẹ bù ú sínú ọ̀rá kéékèèké, ọ̀rá kan fún ọbẹ̀ kan. Ẹ tẹ́ ẹ pẹlẹbẹ kó tó wọ fírísà, á tètè dì, á tètè yọ́. Abọ́ méjì tí mo rà ń fún mi ní ọ̀rá mẹ́fà. Lálẹ́ Túsìdeè tí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé, ọbẹ̀ kì í gbà mí ju ogún ìṣẹ́jú lọ.

Iná ò sí? Ẹ din ata náà nínú òróró lẹ́yìn tí omi rẹ̀ ti gbẹ, kí òróró bò ó mọ́lẹ̀. Ẹ máa gbé odindi ìkòkò kaná lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́ kó hó dáadáa, ẹ má sì máa ti ṣíbí tútù bọ̀ ọ́. Ó máa ń gbé mi dé ọjọ́ kẹrin, ìkarùn-ún. Mi ò tan ara mi kọjá bẹ́ẹ̀, torí náà ata díẹ̀ ni mo máa ń rà lọ́sẹ̀ tí iná bá ń ṣe ségesège.

Ẹ̀wà ti kọ́ mi lọ́gbọ́n. Lọ́dún kan, ẹnìkan tà á fún mi ní pọ́ọ́kú, mo ra ìdajì àpò. Mo gbé e sí igun yàrá nínú àpò rẹ̀ bó ṣe wà. Lóṣù kejì, ìyá ọkọ mi pè mí: "Ìyàwó, wá gbọ́ nǹkan." Mo tẹ́tí, ẹ̀wà náà ń dún wíríwírí. Nígbà tí mo tú u, ihò ló kún ara rẹ̀, ìyẹ̀fun sì ti gbá jọ sí ìdí àpò. A sá a sóòrùn, a fẹ́ ẹ, ìlàjì ló kù tó ṣeé jẹ. Mo sunkún, kì í ṣe àsọdùn.

Ohun tí mo ṣe báyìí nìyí. Ẹyin kòkòrò náà máa ń bá ẹ̀wà wá láti oko, nítorí náà ẹ sá a sí oòrùn tó mú fún ọjọ́ méjì, kẹ́ ẹ jẹ́ kó tutù. Ẹ wá kẹ́ẹ̀gì tó mọ́, tó gbẹ kanrangandan, ẹ da ẹ̀wà kún un dé ẹnu, ẹ gbọ̀n ọ́n kó kì dáadáa, ẹ tún da sí i, kẹ́ ẹ fi ọ̀rá lé ẹnu rẹ̀ kẹ́ ẹ tó dé e pinpin. Kòkòrò tó bá wà níbẹ̀ á lo afẹ́fẹ́ ibẹ̀ tán, á sì kú. Iṣẹ́ kan náà ni àpò PICS onípele mẹ́ta ń ṣe fún àwọn tó ń kó ẹ̀wà púpọ̀ pamọ́. Ẹ má ṣí kẹ́ẹ̀gì náà lójoojúmọ́. Ẹ bu ti ọ̀sẹ̀ kan sínú ike kékeré, kẹ́ ẹ tún dé e. Àwọn kan máa ń fi ata gbígbẹ sí i, kò burú, ṣùgbọ́n dídé e pinpin ló ń ṣiṣẹ́.

Mo bẹ̀ yín, ẹ má fi òògùn apakòkòrò sí oúnjẹ, bó ti wù kí ẹni tó ń tà á fi dá yín lójú. Ilé ti sọ̀fọ̀ lórí ẹ̀. NAFDAC ti fòfin de ìgò kékeré dichlorvos, irú òògùn apakòkòrò kan, láti ọdún 2019 nítorí bí àwọn èèyàn ṣe ń ṣì í lò.

Ìyókù kò le. Gàrí: ẹ tẹ́ ẹ sórí aṣọ mímọ́ kí ọ̀rinrin rẹ̀ tán, kẹ́ ẹ dé e sínú ike. Iṣu: ẹ tò ó sórí pákó níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́, ẹ má kó o jọ sínú ọ̀rá, kẹ́ ẹ máa ṣẹ́ ọmọ tó bá ń yọ lórí rẹ̀. Ọ̀kan tó bá rà, ẹ yọ ọ́ lọ́jọ́ náà. Àlùbọ́sà: inú apẹ̀rẹ̀, jìnnà sí iṣu. Ẹja: ẹ gé e, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ pín in ní ìwọ̀n ìsebẹ̀ kọ̀ọ̀kan kó tó dì, kí ẹ má baà máa fi òkúta ya odindi ẹja lára fírísà.

Ẹ bá ìgbà rìn

Ẹni tó mọ àsìkò kì í ra nǹkan lọ́jọ́ tó gbówó lórí jù. Iṣu tuntun ń dé láti Júláì sí Ògọ́ọ̀sì, ó sì máa ń pọ̀ títí di ìparí ọdún. Láàárín Épírì àti Júùnù, iṣu á wọ́n, nígbà yẹn ilé wa máa ń yí sí àmàlà àti àgbàdo tuntun. Tòmátì tó ń ti òkè Ọya wá máa ń pọ̀ láti Disẹ́ńbà sí Máàṣì, ó sì máa ń wọ́n gógó láti Méè lọ. Ní Fẹ́búárì ni mo ti ń sá tòmátì àti tàtàṣé sóòrùn, tí mo ń kó o pamọ́ fún ìgbà ọ̀wọ́n. Epo pupa máa ń rọlẹ̀ láti Fẹ́búárì sí Méè, àsìkò yẹn ni kí ẹ ra kẹ́ẹ̀gì kan sílẹ̀. Ẹ rà á lọ́wọ́ ẹni tí ẹ mọ̀, torí àwọn kan ń fi àwọ̀ aṣọ pa á láró, ojú lásán kò sì lè fi gbogbo ìgbà dá a mọ̀. Ẹ̀wà tuntun ń wọlé láti Òkítóbà. Gàrí máa ń gbówó lórí nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí ilẹ̀ bá ti le, tí fífa ẹ̀gẹ́ di iṣẹ́ ogun.

Ẹ jọ rà á

Ìyá tó wà ní ẹ̀gbẹ́ ilé wa àti ẹnì kan láti ṣọ́ọ̀ṣì la jọ ń ra páálí ẹja. Kílò 20 ni páálí kan, ilé kan ṣoṣo kò lè tọ́jú rẹ̀ pẹ̀lú iná tiwa yìí. A ń dá owó ní ọjọ́ kan náà, ẹnì kan á lọ rà á, ẹni tó lọ kò ní í san nínú owó ọkọ̀. Ojú gbogbo wa la ti ń fi ìwọ̀n pín in. Ìrẹsì náà, bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ má jẹ́ kí ẹ ju mẹ́ta tàbí mẹ́rin lọ, ẹ má sì fi ti ẹnikẹ́ni tí kò tíì sanwó sí i. Ọ̀rẹ́ ti dà rú lórí orí ẹja.

Tí owó kò bá tó lóṣù kan

Ó máa ṣẹlẹ̀. Nígbà yẹn, ẹ má gé ohun gbogbo kù bákan náà. Ẹ kọ́kọ́ ra gàrí, èlùbọ́, ìrẹsì àti ẹ̀wà tí ìwé yín sọ pé ó máa gbé ilé dé òpin oṣù, kí ebi má wọlé. Epo, iyọ̀ àti ata ló tẹ̀ lé e. Ẹ̀wà lè dúró fún ẹran lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀, ẹyin àti ẹja ṣàwà lè dúró fún títùs. Búrẹ́dì lè di ẹ̀kọ gbígbóná pẹ̀lú àkàrà. Ẹ sọ fún àwọn ọmọ tó ti gbọ́njú pé oṣù yìí le, ẹ fi ìwé náà hàn wọ́n. Èyí àgbà nínú àwọn tèmi, ọmọ ọdún mọ́kànlá, òun ló ń kọ ìwé kíṣínì náà báyìí. Ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ Sọ́ńdè, á ṣí ike kọ̀ọ̀kan, á ti kóńgò bọ̀ ọ́, á ní: "Màámi, gàrí ku kóńgò méjì ààbọ̀, ẹ̀wà ku mẹ́ta, iyọ̀ ti fẹ́ tán." Ohun tó bá kọ ni èmi náà máa ń dà kọ sínú bébà tí màá mú lọ sọ́jà ní Sátidé.